Mílíìkì Kì Í Fọ Ẹ̀dọ̀fóró

Kò sí ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí kì í jáde, pàápàá tí ọyẹ́ bá ti dé. Wọ́n á ní ẹni tó bá ń gbé nítòsí ibi tí wọ́n ti ń yọ́ irin, kó máa mu mílíìkì agolo kan lálẹ́, tàbí kó lá ṣíbí epo pupa méjì, pé á fọ èéfín kúrò láyà rẹ̀. Wẹ́dà ń sọ ọ́, àwọn ìyá tó ń yan gàárì ń sọ ọ́, ẹni tó kàwé náà ń sọ ọ́. Ní àwọn abúlé ojú ọ̀nà Ifẹ̀ sí Ìbàdàn, lágbègbè Fáṣínà tí wọ́n ti ń yọ́ àlòkù irin, ṣe ni wọ́n ń gba ara wọn nímọ̀ràn rẹ̀ bí ẹni ń júwe ilé oníṣègùn.

Pé èéfín irin kò dára, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni ibi tó ń gbà wọlé àti ibi tó ń dúró sí. Ẹ̀rọ kan wà tí àwọn onímọ̀ máa ń gbé lọ sí abúlé láti fi wọn eruku afẹ́fẹ́. Bébà àsẹ́ méjì tó tò léra ló wà nínú rẹ̀, ó sì ń fa bíi lítà afẹ́fẹ́ 16 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Ihò ara bébà òkè tóbi ju ti ìsàlẹ̀ lọ, nítorí náà eruku ńlá máa ń há sókè, èyí tó kúnná á bọ́ sísàlẹ̀. Tí wọ́n bá tú u wò lásìkò ọyẹ́, bébà òkè á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ti ìsàlẹ̀ á dúdú bí ìdí ìkòkò. Eruku pupa yẹn ni gbogbo wa ń bẹ̀rù, nítorí òun là ń rí. Bẹ́ẹ̀ imú ń mú púpọ̀ nínú rẹ̀, àwọn irun wínníwínní inú ọ̀nà èémí sì ń ti ìyókù padà sókè, ká tu ú dànù tàbí ká gbé e mì. Ti ìsàlẹ̀, tí kò ju micrometre 2.5 lọ (tí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà ẹgbẹ̀rún, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni micrometre), kì í dúró ní ọ̀fun. Irun orí ẹyọ kan nípọn jù ú lọ ní ìlọ́po 20 sí 30. Ìdí ẹ̀dọ̀fóró pátápátá ló ń lọ, níbi tí èémí ti ń pàdé ẹ̀jẹ̀, òjé àti àwọn irin míì bíi cadmium àti manganese tó bá lẹ̀ mọ́ ọn á sì ráyè yọ́ sínú ẹ̀jẹ̀.

Mílíìkì ńkọ́? Ikùn ló ń lọ. Ọ̀nà oúnjẹ àti ọ̀nà èémí ti pínyà láti ọ̀fun. Bí ẹ̀kán mílíìkì kan bá ṣìnà sí ọ̀nà èémí, ikọ́ tí ẹ ó wú, gbogbo ilé ló máa gbọ́. Ó lè mú kí ọ̀fun tó ń yún ẹni rọ̀ díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síbẹ̀ wẹ́dà á ní, “Mo mu ún, ara mi sì yá.” Ara rẹ̀ yá lóòótọ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí ti le. Táǹkì omi, páìpù àti páànù àtijọ́, irin tí wọ́n fi síńkì bò ni ọ̀pọ̀ wọn. Irin kì í yọ́ títí ooru fi súnmọ́ 1,500 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ṣùgbọ́n tó bá ti dé 907, síńkì ti ń hó dànù. Èéfín funfun tó ń rú nígbà tí wọ́n bá ń jó irú irin bẹ́ẹ̀, síńkì ni. Ẹni tó bá fà á símú dáadáa, kò ní mọ nǹkan kan lára lójú ẹsẹ̀. Ó di bíi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́wàá kí òtútù tó mú un, kí ara rẹ̀ gbóná, kí oríkèé máa ro ó, kí ẹnu rẹ̀ sì dà bí ẹnu ẹni tó lá irin. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, gbogbo rẹ̀ á ti lọ. Ẹ mu mílíìkì o, ẹ mu omi lásán o, ẹ má mu nǹkan kan o, á lọ. Èéfín náà tilẹ̀ máa ń mọ́ ọn lára láàárín ọ̀sẹ̀. Tó bá sinmi lópin ọ̀sẹ̀, Mọ́ńdè ló tún máa ń gbé e ṣánlẹ̀. Nítorí pé ó jọ ibà ẹ̀fọn, ẹlòmíì á gba kẹ́míìsì lọ ra oògùn ibà. Oògùn á gba ìyìn, mílíìkì á gba ìyìn. Ọjọ́ méjì tó kọjá lọ, ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ará abúlé tí kò fọwọ́ kan irin rí ló wá yá àṣà yìí lọ́wọ́ wẹ́dà. Èéfín tó ń dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀ kì í sábà pọ̀ débi tí ibà yẹn á fi mú un. Díẹ̀díẹ̀ ni tirẹ̀ ń wọlé, lálaalẹ́, pàápàá lóru ọyẹ́ tí afẹ́fẹ́ kì í fẹ́, tí èéfín á sì lúgọ sílẹ̀. Òjé tó bá wọ ara lè dúró sínú egungun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò ní òtútù, kò ní ibà, kò sì ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹni náà á jí tí á ní ó ti lọ. Ẹni tó bá ní mílíìkì ń ṣiṣẹ́ fún òun, kí ló fi wọ̀n ọ́n? Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ ìyẹn, kì í ṣe pé àyà fúyẹ́. Ní Amẹ́ríkà, tí òjé inú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé bá ti dé màíkírógíráàmù 3.5 nínú dẹ̀sílítà kan (ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà), wọ́n á ti máa wá ibi tó ti ń rí i.

Ṣá, n kò lè ní mílíìkì kò wúlò rárá. Òjé tí a gbé mì yàtọ̀ sí èyí tí a fà símú. Ikùn òfìfo tètè ń gba òjé; ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó tàbí tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní calcium, èròjà tó ń mú egungun le, ń gbà á jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé lè gba bí ìdajì òjé tó gbé mì, àgbàlagbà kì í sábà gbà ju ìdá mẹ́wàá lọ. Nítorí náà mílíìkì, ẹ̀wà, ẹja wẹ́wẹ́ tá a jẹ teegunteegun, wọ́n lè dín ohun tó ń gba ikùn wọlé kù. Bóyá ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ yìí ti rí ẹsẹ̀ fi dúró. Ohun tó wọ ẹ̀dọ̀fóró kò bá ìyẹn tan.

Ohun tó ń gba ikùn wọlé ọ̀hún, orí èlùbọ́, ata àti gbàgùúdá tí a sá sílẹ̀ gbalaja ló ń bà sí. Ẹ sá a jìnnà sí ọ̀nà èéfín, ẹ ká a nílẹ̀ kí alẹ́ tó lẹ́. Ẹ fi àkísà tútù nu ilẹ̀ yàrá dípò ìgbálẹ̀ gbígbẹ tó ń gbé eruku sókè, kí ọmọ fọ ọwọ́ kó tó jẹun, ká má sì da aṣọ iṣẹ́ ẹni tó ń yọ́ irin pọ̀ mọ́ aṣọ ọmọ níbi ìfọṣọ. Ìbòmú aláṣọ kò dá eruku kíkúnná dúró. Ìbòmú N95 tí wọ́n ṣe fún irú eruku bẹ́ẹ̀ ń dá a dúró tó bá lẹ̀ mọ́ ojú dáadáa, ṣùgbọ́n irùngbọ̀n ń bà á jẹ́.

Epo pupa ló ń bà mí lẹ́rù jù. Àgbàlagbà tó lá ṣíbí méjì, ó jẹ epo ni. Àmọ́ àwọn kan ń kán an sí imú ọmọ ọwọ́ tó ń wúkọ́, tàbí kí wọ́n di ọmọ mú, kí wọ́n rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Epo kì í mú ọmọ wúkọ́ bí omi ṣe ń ṣe, nítorí náà ó lè yọ́ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró láìsí ariwo, kó sì di òtútù àyà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ti rọ ọ́ fún ọmọ, tí èémí rẹ̀ wá ń yára tàbí tí ihà rẹ̀ ń wọnú bó ṣe ń mí, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà, kí wọ́n sì sọ fún dókítà pé epo ni wọ́n fún un.