Oògùn Aràn Nílé Ẹ̀kọ́: Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Ń Fún Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Yá?

Níbi tí omi tó mọ́ àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò bá ti tó, àwọn ẹgbẹ́ aláàánú máa ń bá ìjọba pín oògùn aràn kiri ilé ẹ̀kọ́. Wọn kì í yẹ ọmọ kọ̀ọ̀kan wò kí wọ́n tó fún un. Gbogbo kíláàsì ni wọ́n ń fún, ẹni tó ní aràn àti ẹni tí kò ní. Ó máa ń ya òbí lẹ́nu, ó sì yẹ kó yà wọ́n lẹ́nu.

Ìbéèrè: Nǹkan kan ò ṣe ọmọ mi. Kí ló fẹ́ fi oògùn aràn ṣe?

Ọmọ lè ní aràn kó má mọ̀. Ìgbà tí aràn bá pọ̀ nínú rẹ̀ ni ìyà ń bẹ̀rẹ̀. Oríṣi mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú àwọn tí èèyàn ń kó láti inú ilẹ̀. Ọ̀kan gùn ju ekòló lọ, ó ń bá ọmọ pín oúnjẹ. Ọ̀kan rí bíi pàṣán, òun ló ń fa inú rírun, tó bá sì pọ̀, ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Ẹ̀kẹta kéré, ṣùgbọ́n òun ló burú jù lójú tiwa: àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ tí kò wọ bàtà ló ń gbà wọlé, á di ìfun mú, á máa mu ẹ̀jẹ̀. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dín kù díẹ̀díẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dùbúlẹ̀ àìsàn. Ṣe ni yóò máa tòògbé ní kíláàsì, olùkọ́ á sì máa pè é ní ọ̀lẹ.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀: àwọn aràn wọ̀nyí kì í bí sí i nínú ikùn. Ẹyin wọn gbọ́dọ̀ bá ìgbẹ́ jáde, kó gbó nínú ilẹ̀ ná, kó tó lè padà kó èèyàn. Nítorí náà, iye tí ọmọ bá kó níta ni iye tó wà nínú rẹ̀. Bí oògùn ò bá tilẹ̀ pa gbogbo rẹ̀ tán, dídín tó dín in kù ti ṣe ọmọ láǹfààní.

Ìbéèrè: Ṣé kò ní dáa kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ìgbẹ́ wọn wò?

Àyẹ̀wò wà, àmọ́ àgbègbè ni wọ́n fi ń mọ̀, kì í ṣe ọmọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á mú àwọn ọmọ díẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan, wọ́n á gba ìgbẹ́ wọn, wọ́n á fi 41.7 mg rẹ̀ sórí gíláàsì, wọ́n á ka ẹyin aràn tó wà níbẹ̀, wọ́n á sì sọ iye náà di ìlọ́po 24 kí wọ́n lè mọ iye tó wà nínú gíráàmù kan. Bí ẹni tó ń kà á bá fi pẹ́ ju bíi wákàtí kan lọ, ẹyin aràn amẹ̀jẹ̀ á ti pòórá lórí gíláàsì, èsì á sì jáde bí ẹni pé kò sí i ládùúgbò náà.

Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé bí ọmọ 20 nínú 100 bá ní aràn, kí wọ́n fún gbogbo wọn lóògùn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Tó bá tó 50 nínú 100, kó di ẹ̀ẹ̀mejì. Láti yẹ ọmọ kan wò ń náni ní ìlọ́po mélòó kan owó oògùn náà, oògùn ọ̀hún kì í sì í pa ẹni tí kò ní aràn lára.

Ìbéèrè: Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ iye tí ọmọ máa lò?

Albendazole, oògùn àwọn aràn inú ilẹ̀ yẹn, rọrùn: hóró kan tó jẹ́ 400 mg, ọmọ á jẹ ẹ́ lẹ́nu. Ọmọ ọdún kan tí kò tíì pé méjì, ààbọ̀ hóró ni, ẹ lọ̀ ọ́ kúnná kó má há a lọ́fun.

Praziquantel, oògùn àtọ̀sí ajá (àìsàn tí kòkòrò inú omi ń fà), ló gba ìṣọ́ra. Bí ọmọ ṣe wúwo tó ló yẹ kí wọ́n wò, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n máa ń bàjẹ́, kì í sì í tó. Ọ̀pá ni wọ́n wá fi rọ́pò rẹ̀, gíga ọmọ ló ń sọ iye hóró 600 mg tó máa lò. Bí àpẹẹrẹ, ọmọ tó ga tó 94 cm tí kò tó 110, hóró kan. Láti 125 sí 138, hóró méjì. Láti 150 sí 160, mẹ́ta. Èyí tí kò tó 94 cm, ẹ má fún un nínú èyí.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í ni pé wọ́n á lẹ ọ̀pá mọ́ ògiri, ìdí rẹ̀ ò ní kan ilẹ̀. Ọmọ á wá dà bí ẹni tó kúrú, oògùn rẹ̀ ò ní tó, kòkòrò á sì yè é. Ẹ bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ wọn, kí gìgísẹ̀ fara kan ògiri.

Ìbéèrè: Kí nìdí tí àwọn kan fi ń bì lẹ́yìn rẹ̀?

Ebi wà lára ohun tó ń fà á. Ẹ má fún ọmọ tí kò jẹun ní praziquantel. Ó korò gan-an, nítorí náà gbígbé ni kí wọ́n gbé e mì. Ọmọ tí kòkòrò pọ̀ nínú rẹ̀ tún lè ní inú rírun àti èébì fún wákàtí díẹ̀. Bí òbí ò bá ti gbọ́ ṣáájú, ọmọ kan tó bì á mú kí ìròyìn tàn kálẹ̀ pé wọ́n fún wọn ní májèlé, àgbègbè náà kò sì ní gbà á mọ́. Ọmọ tó ń ṣàìsàn lọ́jọ́ náà, kó dúró di ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó ní wárápá, ilé ìwòsàn ni kó lọ.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ló ń mú ọmọ mọ̀wé?

Ẹ fura sí ẹgbẹ́ tó bá sọ pé oògùn aràn nìkan á gbé ọmọ sípò kìíní. Edward Miguel àti Michael Kremer, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, ṣe ìwádìí ní ilé ẹ̀kọ́ 75 ní Busia, ní Kẹ́ńyà, láti 1998. Wọ́n rí i pé pípa ilé ẹ̀kọ́ jẹ dín kù ní ìdá mẹ́rin kan. Àmọ́ máàkì ìdánwò kò yí padà. Àwọn onímọ̀ mìíràn tó to ìwádìí púpọ̀ pọ̀ kò gbà pé àǹfààní náà dájú níbi gbogbo. Ohun tí kò sí àríyànjiyàn lórí rẹ̀ ni pé oògùn náà ń pa aràn.

Ìbéèrè: Ẹgbẹ́ kan ní ìdá 97 nínú 100 làwọn fún. Ṣé ká gbà wọ́n gbọ́?

Ẹ bi wọ́n léèrè pé 100 wo? Ká ní orúkọ ọmọ 400 ló wà nínú ìwé, 340 ló wá, 330 ló lo oògùn. 330 nínú 340 ló di 97 yẹn. Nínú 400, ó di 82.5. Bí ọmọ 100 mìíràn bá wà ní àdúgbò tí wọn kì í lọ sílé ẹ̀kọ́ rárá, ó di 66, bẹ́ẹ̀ 75 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fẹ́ kó tó, ó kéré tán. Àwọn 100 yẹn ló sì ṣeé ṣe kí aràn wọn pọ̀ jù.

Ìbéèrè: Kí ló dé tí wọ́n fi ń padà wá lọ́dọọdún?

Nítorí pé oògùn ò fọ ilẹ̀. Ẹyin aràn gígùn yẹn lè wà láàyè nínú erùpẹ̀ fún ọdún mélòó kan, praziquantel kì í sì í pa kòkòrò tí kò tíì dàgbà. Títí tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á fi tó, wọ́n á máa padà wá.