Ṣé Portugal ló ni Ouidah rí? Ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ lọ wo ìlú náà lóòjọ́

Láti oṣù Keje ọdún 2025 tí Ciara, olórin ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ti gba ìwé ọmọ orílẹ̀-èdè Benin, tó sì ṣèbẹ̀wò sí Ouidah, ìlú etí òkun kan níbẹ̀, ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní Faransé ló ni ìlú náà rí. Àwọn kan ní Portugal wà níbẹ̀ títí di 1961. Àwọn méjèèjì ló jàre.

Báwo ló ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Portugal kò ni ìlú náà. Odi kan ló ní láàárín rẹ̀, São João Baptista de Ajudá, tí wọ́n kọ́ ní 1721, ilẹ̀ tí kò ju nǹkan bíi hẹ́kítà kan lọ. Bahia ní Brazil ni wọ́n ti ń darí rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, torí tábà Bahia ni wọ́n fi ń ra ẹrú níbẹ̀. Nígbà tí Faransé ṣẹ́gun Dahomey, orúkọ tí Benin ń jẹ́ tẹ́lẹ̀, láàárín 1892 sí 1894, wọ́n fi odi náà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Dahomey gba òmìnira ní 1960. Nígbà tó di 1961, wọ́n ní kí Portugal kó jáde kí oṣù Keje tó parí. Èèyàn méjì péré ni wọ́n ní ó ń gbé inú odi náà nígbà yẹn, wọ́n sì dáná sun ilé kí wọ́n tó lọ. Ìjọba amúnisìn tí takisí kan gbà tán.

Ṣé a lè wọ inú odi náà?

Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Mùsíọ́mù ni láti 1967, ṣùgbọ́n wọ́n ti ń tún un ṣe láti sọ ọ́ di mùsíọ́mù ńlá nípa òwò ẹrú.

Kí ló wá kù tó jẹ́ ti Portugal?

Èèyàn ló kù, ju ògiri lọ. Francisco Félix de Souza, ará Brazil tó ń ta ẹrú, kú síbẹ̀ ní 1849, ìdílé rẹ̀ sì wà níbẹ̀ títí dòní. Àwọn da Silva àti d'Almeida tún wà, ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wá, gẹ́gẹ́ bí àwọn Àgùdà Èkó. Nínú oṣù Kìn-ín-ní, wọ́n máa ń gbé eégún Bouriyan jáde, eré tí wọ́n kó bọ̀ láti Brazil.

Ìwé wo la nílò?

Páásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò kádì. Ọmọ Nàìjíríà kò nílò físà, torí àdéhùn ECOWAS fún un ní 90 ọjọ́. Ẹni tó ń lo ìwé ìrìnnà Britain gbọ́dọ̀ gba físà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gbéra. Fún ìgbà kan, ìwé aláwọ̀ ewé wa ló yá jù.

Ṣé a lè ti Èkó lọ kí a sì padà lọ́jọ́ kan náà?

Rárá. Ojú ọ̀nà Badagry àti bọ́dà Sẹ̀mẹ̀ lè jẹ ìdajì ọjọ́. Ẹ sùn sí Kútọnu.

Báwo ni ká ṣe ṣètò ọjọ́ náà?

Kútọnu sí Ouidah tó nǹkan bíi 40 kìlómítà. Ẹ kúrò ní aago méje àárọ̀ kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ tó bẹ̀rẹ̀. Takisí elérò máa ń fún èèyàn pọ̀. Tí ara yín ò bá gbà á, ẹ san owó àyè méjì. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ilé òrìṣà ejò erè, tó dojú kọ ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Kátólíìkì. Owó ìwọlé yàtọ̀ sí owó fọ́tò, kí ẹ béèrè méjèèjì ṣáájú. Lẹ́yìn náà, ẹ yà sí ilé iṣẹ́ ọnà Zinsou tó wà nínú ilé Ajavon tí wọ́n kọ́ ní 1922, àti Igbó Kpassè, igbó òrìṣà.

Ọ̀nà Ẹrú ni kí ẹ fi kẹ́yìn. Ó tó kìlómítà mẹ́rin títí dé etí òkun, iyẹ̀pẹ̀ pọ̀ níbẹ̀, ibòji ò sì tó nǹkan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn bọ́ sí i lọ́sàn-án gangan láìmú omi dání. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, kí ẹ sì ní kí ọlọ́kadà, tí wọ́n ń pè ní zémìjàn níbẹ̀, wá dúró dè yín ní Ẹnu-Ọ̀nà Àìpadàbọ̀, ère ìrántí àwọn ẹrú tó wà létí òkun. Iye owó ni kí ẹ kọ́kọ́ fẹnu kò sí. Afinimọ̀nà á sọ fún yín pé ẹrú ọkùnrin yí Igi Ìgbàgbé po lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án, ẹrú obìnrin lẹ́ẹ̀méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Àwọn òpìtàn kan ń ṣiyèméjì sí i. Ẹ má bá a jà.

Ṣé Yorùbá á tó wa?

Ó wúlò ní Porto-Novo àti Kétu. Fọ̀n àti Faransé ni ti Ouidah.

Owó ńkọ́?

Séfà ni. Ẹ ṣẹ́ ẹ sí 500 àti 1,000, torí ẹni tó bá gbé 10,000 fún ọlọ́kadà á dúró pẹ́ kó tó rí ṣéńjì.

Ejò náà ńkọ́?

Kò ní oró. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí wọ́n gbé e kọ́ yín lọ́rùn, ẹ tètè sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣé kò léwu?

Àwọn ọmọ ogun kan gbìyànjú láti gbàjọba ní oṣù Kejìlá 2025, wọn ò sì ṣe é ṣe. Àwọn agbébọn wà ní òkè àríwá, nítòsí igbó ẹranko Pendjari àti èyí tí wọ́n ń pè ní W, tó jìnnà gan-an sí etí òkun. Síbẹ̀, ẹ wo ìròyìn lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ gbéra, torí bọ́dà lè tì láìròtẹ́lẹ̀. Ohun tó sún mọ́ yín jù ni òkun fúnra rẹ̀: ìgbì ibẹ̀ ń fa èèyàn wọlé, ì báà jẹ́ ẹni tó mọ̀wẹ̀. Ẹ ṣan ẹsẹ̀, kó tán síbẹ̀. Kí ẹ sì ti wà nínú ọkọ̀ ìpadàbọ̀ kó tó di aago mẹ́fà, torí bílẹ̀ bá ti ṣú tán, takisí á dín kù, owó ọkọ̀ á sì lé sí i.