Òrùlé pẹrẹsẹ létí òkun: iyọ̀ ni kẹ́ẹ máa bá jà, kì í ṣe òjò nìkan

Lekki sí Ajah, ọ̀pọ̀ ilé tuntun ni ẹ ò ní rí òrùlé ẹ̀ tẹ́ẹ bá dúró sí títì. Wọ́n ti fi párápẹ́ẹ̀tì, ògiri kúkúrú tó yí etí òrùlé ká, bò ó, dẹ́kìn tó tẹ́ pẹrẹsẹ ló wà lẹ́yìn ẹ̀, ó sì rẹwà lóòótọ́. Tó bá wá dìgbà òjò, tí POP pálọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì bíi máàpù, wọ́n á sáré pe bíríkìlà, tibí á ní fẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹní dúdú tí wọ́n fi ọ̀dà títì ṣe tí wọ́n ń tẹ́ sórí dẹ́kìn, ni kí wọ́n rà, tọ̀hún á ní sìmẹ́ńtì tí wọ́n po kẹ́míkà mọ́ ló dáa, ọ̀rọ̀ á wá di ti owó. Kò sẹ́ni tó máa bèèrè pé kí ni gan-an ni wọ́n fẹ́ kí kiní tí wọ́n ń rà yìí ṣe.

Ohun tí gbogbo èèyàn máa sọ ni pé kó má ṣáà jò. Létí òkun, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣì í, torí jíjò ló máa ń dé kẹ́yìn. Ohun tó máa ba dẹ́kìn jẹ́ ti wọlé tipẹ́ kí ẹ̀kán omi kan tó bọ́ sí pálọ̀. Iyọ̀ ni.

Bó ṣe ń lọ rèé. Ìgbì òkun ń fọ́ tọ̀sántòru, atẹ́gùn ń gbé omi wẹ́wẹ́ tó ta sókè wọ àdúgbò, omi yẹn á gbẹ, iyọ̀ inú ẹ̀ á balẹ̀ sórí ohun tó bá pàdé, gílàásì fèrèsé ni o, jẹnẹrétọ̀ ni o, orí dẹ́kìn ni o. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ńṣe lá máa jọ síbẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ á yọ́ ọ, tí omi ò bá wá ríbi ṣàn lọ á dúró, oòrùn á fà á gbẹ, iyọ̀ á kù, òjò míì á tún dé. Kọnkéré tó dà bí òkúta lójú yẹn, ihò tíntìntín ló kún inú ẹ̀, ibẹ̀ ni omi iyọ̀ ń gbà sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ọ̀dọ̀ irin.

Irin inú kọnkéré kì í ṣàdédé dípáàrà. Agbára inú sìmẹ́ńtì, èyí tó máa ń bó bíríkìlà lọ́wọ́ yẹn, ló ń mú kí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo irin lára, ojú ò lè rí i. Iyọ̀ ló mọ bó ṣe ń lu awọ yẹn. Ohun tó wá yani lẹ́nu jù ni pé iyọ̀ kì í tán síbẹ̀, tó bá ti jẹ́ kí irin dípáàrà níbì kan, á tún bọ́ jáde lọ bá ibòmíì, ìwọ̀nba díẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Ìpáàrà sì ń gba àyè tó ju ìlọ́po méjì àyè irin tó ti ara ẹ̀ jáde. Ẹ ronú ẹ̀wà gbígbẹ tí wọ́n rọ kún ìgò, wọ́n da omi sí i, wọ́n dé e pa. Ẹ̀wà á wú, ìgò ò lè wú, ìgò á fọ́. Bí abẹ́ dẹ́kìn ṣe ń já lulẹ̀ nìyẹn, tí irin á yọ síta bí egungun, tí onílé á máa bú ẹni tó rẹ́ ògiri. (Yanrìn òkun tí wọn ò fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ tún burú ju èyí lọ, torí inú kọnkéré ni iyọ̀ tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sóhun tí wọ́n lè tẹ́ sórí ẹ̀ tó máa yọ ọ́.)

Torí náà kó tó kan fẹ́ẹ̀tì, ìdagẹ̀rẹ̀ ni. Òrùlé pẹrẹsẹ ò gbọdọ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ rárá. Tí ibi tí omi ń gbà ṣàn bá gùn tó mítà 4, ó kéré tán kó fi sẹ̀ǹtímítà 5 dà sápá kan, àwọn tó mọṣẹ́ sì máa ń yà á sí 10 kó lè ku 5 tí ọwọ́ bá yẹ̀.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni yíyàn. Sìmẹ́ńtì oníkẹ́míkà nìkan ò tó, ó le jù, tí dẹ́kìn bá ń wú tó ń súnkì nínú oòrùn òun á là. Fẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń fi iná gáàsì lẹ̀ dáa, APP, èyí tí wọ́n po ike mọ́ ọ̀dà ẹ̀, ni kí wọ́n bèèrè torí ó ń fara da ooru ju SBS, tí wọ́n po rọ́bà mọ́, lọ, kó jẹ́ èyí tó ní òkúta wẹ́wẹ́ lójú. Àmọ́ aṣọ tí wọ́n rán ni fẹ́ẹ̀tì, ojú ibi tí wọ́n ti rán an ló máa kọ́kọ́ ya: sẹ̀ǹtímítà 10 ló yẹ kó fi gun ara wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, 15 níbi tí ìpẹ̀kun ọ̀kan ti pàdé òmíì, kó sì gun ògiri párápẹ́ẹ̀tì tó 15. Tí páìpù bá pọ̀ lórí dẹ́kìn, èyí tí wọ́n ń kùn bí ọ̀dà, polyurethane, ló sàn jù, torí kò lójú rírán kankan. Wàhálà tiẹ̀ ni pé kọnkéré gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa, ẹ sì mọ bí afẹ́fẹ́ Èkó ṣe máa ń lómi nínú. Kí wọ́n fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ dẹ́kìn lálẹ́, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ yíká. Tí omi bá wà lábẹ́ ẹ̀ láàárọ̀, kò tíì yá, tí wọ́n bá kùn ún báyẹn, oòrùn á sọ omi yẹn di èéfín, á wú bíi pọfupọ́ọ̀fù.

Tí wọ́n bá parí, kí wọ́n dí ojú páìpù tí omi ń gbà jáde, kí wọ́n da omi sórí dẹ́kìn fún wákàtí 24, kí wọ́n wo abẹ́ ẹ̀. Omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 5 wọn kílò 50 lórí mítà kan níbùú lóròó, kí ẹnjiníà ti fọwọ́ sí i.

Ibi tó ń dunni jù ni pé lẹ́yìn gbogbo èyí, àwọn tó ń gbé sóla á dé, wọ́n á mú dírílù, wọ́n á lu ihò mẹ́rìnlélógún gba inú fẹ́ẹ̀tì lọ sínú kọnkéré, wọ́n á wá fi irin lásán dè é. Ihò kọ̀ọ̀kan yẹn, ọ̀nà iyọ̀ ni. Ẹsẹ̀ sóla lè dúró sórí búlọ́ọ̀kù tó wúwo, kí wọ́n tẹ́ fẹ́ẹ̀tì míì sábẹ́ ẹ̀, kí ẹnjiníà ṣírò ìwúwo ẹ̀ fún atẹ́gùn òkun, tó bá sì di dandan kí wọ́n fi bóòtù dè é, irin aláìdípáàrà 316 ni kí wọ́n lò, kí wọ́n pe ẹni tó lẹ fẹ́ẹ̀tì kó wá dí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí òjò tó rọ̀.