Yíyan ìbọn ìléwọ́ àkọ́kọ́ fún ẹni tó ń kọ́ ìbọn yíyìn

Ìbọn ìléwọ́ ni ìbọn kékeré tí ènìyàn lè fi ọwọ́ gbé yìn láìfi ìdí rẹ̀ ti èjìká. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Revolver ní àgbá roboto tó ń yí, tó sábà máa ń ní ihò márùn-ún tàbí mẹ́fà fún ọta. Semi-automatic ń gba ọta láti inú mágásínì, ìyẹn àpótí tí wọ́n ń to ọta sí. Bó bá ti yìn, irin òkè rẹ̀ á sún sẹ́yìn, á ju kóróǹfo ọta nù, á sì ti òmíràn wọlé.

Ohun tó ń ba ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ jù ni ìbẹ̀rù ariwo àti bí ìbọn ṣe ń ta sẹ́yìn. Ojú á dì, ọwọ́ á le, á sì ti tẹ ẹnu ìbọn wálẹ̀ kí ọta tó jáde. Olùkọ́ lè fi revolver dán èyí wò, kó fi ihò òfìfo kan sáàárín àwọn tó ní ọta. Bó bá kan ihò yẹn, tí ìbọn kò dún, àmọ́ tí ẹnu rẹ̀ já wálẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á fojú ara rẹ̀ rí ìdí tí ọta rẹ̀ fi ń gba ìsàlẹ̀ àmì. Àṣà yìí tètè ń mọ́ni lára, ó sì ṣòro láti fi sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí .22 Long Rifle, irú ọta kékeré kan tó ti wà láti 1887, fi dára jù fún ìbẹ̀rẹ̀. Orí ọta rẹ̀ tó ń fò jáde sábà máa ń wọn nǹkan bíi gíráàmù 2.6, kì í sì í ta púpọ̀. Òun náà ni wọ́n ń lò nínú ìdíje ìbọn ìléwọ́ mítà 25 ní Òlíḿpíìkì. Ọta mìlímítà 9, tó jáde ní 1902, ní orí tó sábà ń tó gíráàmù 7.5. Ó yẹ ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ti balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìbọn tó kéré tó sì fúyẹ́ ló rọrùn jù. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí ọta bá jẹ́ ọ̀kan náà, ìbọn tó wúwo ni kì í fi bẹ́ẹ̀ ta.

Kí wọ́n tó ra ìbọn, ó yẹ kí wọ́n dì í mú nígbà tí kò sí ọta nínú rẹ̀. Bí ọ̀pá ìbọn bá wà ní títọ́ pẹ̀lú apá, tí ìka ìlábẹ̀ sì kan tírígà (irin tí ìka ń fà láti yin ìbọn) láìjẹ́ pé ọwọ́ yí, ó bá ọwọ́ mu. Ẹni tí kò lágbára láti fa irin òkè semi-automatic lè lo revolver, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tírígà tirẹ̀ sábà máa ń le. Revolver tí wọ́n ṣe fún ọta .357 Magnum lè yin ọta .38 Special tó rọ̀ jù ú lọ, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ fi ọta .357 sínú ìbọn .38.

Ìró ìbọn lè ju dẹ̀síbẹ̀lì (ìwọ̀n ariwo) 140 lọ, èyí tó lè ba etí jẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí náà ohun ìbotí àti awò ojú pọn dandan. A óò ka gbogbo ìbọn sí èyí tó ní ọta, ìka kò sì gbọ́dọ̀ kan tírígà títí a ó fi dojú kọ àmì. Òfin ọjọ́ orí àti ìwé àṣẹ yàtọ̀ láti orílẹ̀-èdè dé orílẹ̀-èdè. Níbi tí òfin bá ti gbà á, yíyá oríṣi mélòó kan yìn lábẹ́ ojú olùkọ́ ṣáájú rírà ló dára jù.