Bí Ìtọ́jú Ọlọ́run Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ Ẹranko àti Gbogbo Ẹ̀dá

Ẹ̀kọ́ Ìjọ Kátólíìkì ni pé Ọlọ́run kò dá ayé tán kí Ó wá kẹ̀yìn sí i. Bí Ó bá yọwọ́ lára ẹ̀dá kan, ẹ̀dá náà kò ní sí mọ́. Ìdí nìyí tí Jésù fi fi ológoṣẹ́ kọ́ni nínú Mátíù 10:29: ẹyẹ tí ọjà kò kà sí ni, síbẹ̀ ọ̀kan nínú wọn kì í já bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn Baba.

Ọ̀nà tí ìtọ́jú náà ń gbà ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Thomas Aquinas, olùkọ́ ẹ̀kọ́ Ọlọ́run nínú Ìjọ ní ọ̀rúndún kẹtàlá, ya nǹkan méjì sọ́tọ̀: ètò, tí Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ṣe fún ohun gbogbo láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, àti ìmúṣẹ ètò náà, tí Ó sábà máa ń ti ọwọ́ ẹ̀dá kan ṣe fún òmíràn. Nínú igbó Omo ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú, tí UNESCO, àjọ àgbáyé fún ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti àṣà, ti kà mọ́ àwọn ibi ìpamọ́ ẹ̀dá láti 1977, erin a máa jẹ èso, a rìn jìnnà, a sì yàgbẹ́ síbòmíràn. Kóró inú ìgbẹ́ náà a hù, a di igi, ẹyẹ àti ọ̀bọ a jẹ nínú èso rẹ̀, ewé tó wọ́ sílẹ̀ a sì jẹrà di ọ̀rá ilẹ̀. Erin kò mọ̀ pé òun ń gbin igbó. Kò sí ìdí láti bi ara ẹni bóyá erin ló gbìn ín ni tàbí Ọlọ́run, nítorí pé iṣẹ́ erin gan-an ni Ọlọ́run fi ń ṣe tirẹ̀.

Àṣá tó ń gbé òròmọdìẹ ńkọ́? Ìjọ kò fi ìyẹn pamọ́: ayé ṣì wà lójú ọ̀nà, kò tíì pé, Róòmù 8 sì sọ pé gbogbo ẹ̀dá ń kérora, wọ́n ń retí ìdáǹdè.

Ènìyàn nìkan ni ó lè mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ ọ̀nà ìtọ́jú yìí, òun nìkan ni ó sì lè mọ̀ọ́mọ̀ dí i. Nítorí náà, Katikísíìmù, ìwé tó kó ẹ̀kọ́ Ìjọ jọ, tí ó jáde ní 1992, ní ẹsẹ 2415 sí 2418, gba ẹran jíjẹ àti ẹran sísìn láyè, ṣùgbọ́n ó kọ̀ kí a fìyà jẹ ẹranko tàbí kí a pa á láìnídìí. Ó tún kọ̀ kí a ná owó tó yẹ kí a fi ran tálákà lọ́wọ́ sórí ẹranko. Nínú Ẹ́kísódù 23:12, òfin ìsinmi dárúkọ màlúù àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kí ó tó kan ẹrú àti àlejò. Fún àwọn Kátólíìkì abẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ìjẹ̀bú-Òde, tí agbègbè rẹ̀ kó Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ pọ̀, òfin yìí dé ọjà pẹ̀lú: adìẹ tí yóò di ọbẹ̀ lálẹ́ kò yẹ ní ohun tí a ń so lẹ́sẹ̀, tí a ń gbé kọ́ dorí kodò sára ọ̀kadà nínú oòrùn ọ̀sán, nígbà tí àgò wà nílẹ̀.