Ibi tí àrùn ti ń bẹ̀rẹ̀: bí Rudolf Virchow ṣe wá a dé ìdí

Ní nǹkan bí ọdún 1845, ẹ̀kọ́ Cruveilhier, dókítà ìlú Paris, ni àwọn dókítà ń tẹ̀ lé: iṣan ẹ̀jẹ̀ tó bá wú ló ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Virchow, dókítà ọmọ Pomerania ní ilẹ̀ Prussia (ilẹ̀ Jámánì àtijọ́) tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25, ń la òkú ní ilé ìwòsàn Charité ní Berlin, ohun tó ń rí kò sì bá ẹ̀kọ́ yìí mu. Ó ń bá ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan ẹ̀dọ̀fóró tí kò wú rárá. Ó wá a lọ sí iṣan ẹsẹ̀, ó bá ìyókù rẹ̀ níbẹ̀. Ojú ibi tí méjèèjì ti já bára mu bí igi kan tó kán sí méjì.

Ó fi ajá dán an wò. Ó la iṣan ọrùn, ó ti ègé rọ́bà bọ̀ ọ́. Nígbà tó la òkú ajá náà, inú iṣan ẹ̀dọ̀fóró ló ti bá rọ́bà: ẹ̀jẹ̀ ti gbé e gba inú ọkàn kọjá. Ohun tó já tó sì bá ẹ̀jẹ̀ rìn yìí ló pè ní embolism.

Ìlànà rẹ̀ fún lílà òkú jáde ní 1876: yọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, má yí ètò padà, là á, kọ ohun tí o rí sílẹ̀. Àléébù kan wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gé ẹ̀dọ̀fóró kúrò kó tó la iṣan tó ti ọkàn wá lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dídì tó pa olóògbé já bọ́ láìmọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń la iṣan náà ní ipò rẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 1848, ìjọba Prussia rán an lọ sí Silesia Òkè, agbègbè kan lábẹ́ Prussia, níbi tí àrùn ibà táífọ́ọ̀sì ti ń pa èèyàn lọ rẹpẹtẹ. (Kì í ṣe táífọ́ọ̀dù o. Iná ara, kòkòrò tó ń mu ẹ̀jẹ̀, ló ń gbé èyí kiri, ṣùgbọ́n ọdún 1909 ni Charles Nicolle tó fi hàn.) Ọ̀dùnkún òyìnbó ti kọ̀, ebi ti pa àwọn ará abúlé, wọ́n há mọ́ra nínú ilé kékeré. Èdè Póláǹdì ni wọ́n ń sọ, àwọn tó ń ṣàkóso wọn sì ń sọ èdè Jámánì. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló lò níbẹ̀, ohun tó sì dárúkọ fún ìjọba ju oògùn lọ: ilé ẹ̀kọ́, títì, ẹ̀tọ́ láti ṣàkóso ara wọn ní èdè wọn, kí wọ́n sì gbé ẹrù owó orí kúrò lọ́rùn tálákà. Níbí gan-an ni mo gbà pé ìṣègùn àwùjọ ti fìdí múlẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn rẹ̀ pé ìṣègùn náà ni òṣèlú, pé ìwọ̀n rẹ̀ ló kàn tóbi.

Ọ̀rọ̀ òṣèlú yìí ná an ní ipò rẹ̀ ní Berlin. Würzburg ló wà ní 1855 tó fi kọ ọ́ pé inú sẹ́ẹ̀lì (ègé tín-ín-rín tí a fi mọ ara) ni sẹ́ẹ̀lì ti ń wá. Onímọ̀ Robert Remak ti rí èyí ṣáájú rẹ̀, ó sì yẹ kí Virchow fún Remak ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Virchow tún kọ̀ láti gba Semmelweis gbọ́, dókítà tó ní kí àwọn dókítà máa fọ ọwọ́ kí ibà má baà pa àwọn ìyá tó ń bímọ, àṣìṣe tó wúwo nìyẹn.

Nígbà tó wọ ìgbìmọ̀ ìlú Berlin ní 1859, ìdọ̀tí ṣì ń ṣàn nínú gọ́tà ẹ̀gbẹ́ títì. Òun àti ẹnjiníà James Hobrecht ló dúró ti ọ̀rọ̀ páìpù abẹ́ ilẹ̀. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1873: wọ́n pín ìlú sí apá 12, apá kọ̀ọ̀kan sì ní ilé ẹ̀rọ tirẹ̀ tó ń ti omi ẹ̀gbin lọ sí oko ẹ̀yìn ìlú, kí iyẹ̀pẹ̀ lè sẹ́ ẹ.