Ó ṣubú, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn obìnrin tó ń jó lórí yìnyín

Nígbà tí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù bá dé, tí ẹ bá ń yí tẹlifíṣàn kiri, ẹ ó bá a pàdé dandan: ọmọbìnrin kan nínú aṣọ tó ń dán, bàtà onírin lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó ń fi ẹ̀yìn sáré lórí yìnyín bí ẹni pé kò sí egungun lára rẹ̀. Ọ̀kan á ṣubú, gbogbo pápá á dìde fún un. Òmíràn ò ní ṣubú rárá, á gba góòlù, kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. Mo ti ń wo eré yìí ó ti pẹ́, àwọn tí a jọ ń wò ó kì í sì í yé bi mí léèrè. Mo kó díẹ̀ jọ nínú ohun tí wọ́n máa ń bi mí.

Ṣé eré ìdárayá ni àbí ijó?

Méjèèjì ni, ibẹ̀ gan-an ni wàhálà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Simidele Adeagbo gbé orúkọ Nàìjíríà lọ sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang, South Korea, lọ́dún 2018, tó dojú bolẹ̀ lórí pátákó onírin, tó ń já ṣòòròṣò bọ̀ nínú kòtò yìnyín, kò sẹ́ni tó bi í bóyá aṣọ rẹ̀ bá a mu. Aago ló dájọ́, ó parí. Ní ti ijó orí yìnyín, èèyàn ló jókòó sídìí pápá tó ń fún èèyàn ní máàkì. Apá kan máàkì náà jẹ́ ti iṣẹ́: fífò, pípòyì, ìrìn ẹsẹ̀. Apá kejì jẹ́ ti bí ijó náà ṣe rí lójú wọn àti bó ṣe bá orin mu. Láyé àtijọ́, 6.0 ni téńté. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó bẹ́ sílẹ̀ ní Salt Lake City lọ́dún 2002 lórí ìdájọ́ àwọn tó ń jó ní méjì-méjì, takọ-tabo, wọ́n pa 6.0 tì, wọ́n wá fi iye kan sí orí fífò kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ apá kejì yẹn ṣì wà níbẹ̀. Ojú ló ń wò ó, ojú èèyàn kò sì jọra.

Kí ni wọ́n wá ń retí lọ́dọ̀ obìnrin tí wọn kì í retí lọ́dọ̀ ọkùnrin?

Pé kó fi agbára rẹ̀ pa mọ́. Ẹni tó bá dàgbà sídìí ìlù bàtá mọ̀ pé òógùn oníjó kò bu ijó rẹ̀ kù. Bí iṣan ọrùn rẹ̀ bá ṣe ń yọ sí i ni à ń náwó sí i fún un. Lórí yìnyín, òdì kejì ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ obìnrin. Kó fò, kó yí ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lófuurufú, kó fi ẹsẹ̀ kan balẹ̀ lórí irin tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń gba igbá ẹ̀kọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà ti wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1902, obìnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Madge Syers, rí i pé ìwé òfin ìdíje àgbáyé kò sọ pé ti ọkùnrin nìkan ni. Ó forúkọ sílẹ̀, ó bá àwọn ọkùnrin figa gbága, ó ṣe ipò kejì, ẹ̀yìn Ulrich Salchow nìkan ló wà. Kàkà kí wọ́n yìn ín, àjọ tó ń darí eré náà ṣòfin pé kí obìnrin má bá ọkùnrin díje mọ́. Lára àwíjàre wọn ni pé yẹ̀rì gígùn kì í jẹ́ kí adájọ́ rí ẹsẹ̀! Wọ́n tún ní adájọ́ lè lọ bá ẹni tó ń wù ú pàdé lórí pápá. Ìgbà tó di 1906 ni wọ́n tó gbé ìdíje ti àwọn obìnrin kalẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni Sonja Henie dé láti Norway. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tó kọ́kọ́ lọ sí Òlíńpíìkì lọ́dún 1924, òun ló sì gbẹ̀yìn. Ó padà wá gba góòlù lọ́dún 1928, 1932 àti 1936, ó wá gba ìdíje àgbáyé lẹ́ẹ̀mẹ́wàá léraléra. Yẹ̀rì kúkúrú àti bàtà funfun di àṣà nítorí tirẹ̀, ó sì bọ́ sí Hollywood, ó di òṣèré. Láti ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn ti ní àwòrán kan lọ́kàn: ọmọbìnrin kékeré, arẹwà, aláṣọ dídán. Ìgbà tó di 2004 ni wọ́n tó gba obìnrin láyè láti wọ ṣòkòtò dá díje. Ẹ wo ọdún yẹn dáadáa. Ẹ̀rọ alágbèéká ti wà lọ́wọ́ wa ní Nàìjíríà kí obìnrin tó lè wọ ṣòkòtò lórí yìnyín.

Báwo ni ẹni tó ṣubú ṣe lè gbajúmọ̀ ju ẹni tó gba góòlù lọ?

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ràn jù ni ti Sapporo, ní Japan, lọ́dún 1972. Nígbà náà, ìdajì máàkì wà fún yíya àmì sórí yìnyín: eléré á fi irin bàtà rẹ̀ ya ohun tó dà bí 8, á tún gba orí ilà kan náà padà, adájọ́ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti wò ó bóyá ó tọ́. Beatrix Schuba láti Austria mọ iṣẹ́ yìí débi pé kò sẹ́ni tó lè bá a. Nígbà tó di ijó gan-an, ipò keje ló wà, síbẹ̀ òun ló gba góòlù.

Janet Lynn, ọmọ Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún méjìdínlógún, ń jó lọ́jọ́ kan náà. Ó fò láti lọ pòyì níjòókòó, ìdí rẹ̀ gbá yìnyín. Ó dìde pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀rín gidi o, ó sì bá ijó rẹ̀ lọ. Idẹ ló gbà. Àmọ́ àwọn ará Japan gbé e sọ́kàn bí ọmọ wọn. Wọ́n ń kọ lẹ́tà sí i, wọ́n ń fi í polówó ọjà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ eré yìnyín kan ní Amẹ́ríkà bá a tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn tó lé ní mílíọ̀nù kan dọ́là.

Tẹlifíṣàn wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Yíya àmì kò dùn ún wò, nítorí náà àwọn tó wà nílé kì í rí i. Ohun tí wọ́n rí ni ọmọ tó jó dáadáa tó gbé idẹ, àti ẹni tí ijó rẹ̀ kò mú wọn lórí yá tó gbé góòlù. Wọ́n fajú ro. Àjọ náà mú ijó kúkúrú wọlé lọ́dún 1973, wọ́n ń gé máàkì yíya àmì kù díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò pátápátá lọ́dún 1990. Èrò ìwòran ló yí òfin eré padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò jókòó níbi ìpàdé.

Ẹ fi ti Mao Asada, ọmọ Japan, kún un. Ní Òlíńpíìkì Sochi, ní Rọ́ṣíà, lọ́dún 2014, ó ṣubú lọ́jọ́ kìíní, ó bá ara rẹ̀ ní ipò kẹrìndínlógún. Lọ́jọ́ kejì ó jó ijó tó fún un ní máàkì tó ga jù láyé rẹ̀, omijé bọ́ lójú rẹ̀ kí orin tó tán dáadáa. Ipò kẹfà ló parí sí. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ará Japan bóyá ipò kẹfà ló rántí.

Ṣé ìjà Tonya Harding àti Nancy Kerrigan náà wà lára ohun tó gbé eré yìí ga?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó kàn jẹ́ pé inú mi kì í dùn láti sọ ọ́. Ọmọ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì, wọ́n jọ ń du ipò kan náà ni. Ní January 1994, ní Detroit, ọkùnrin kan tí àwọn tó sún mọ́ Harding rán níṣẹ́ la ọ̀pá mọ́ Kerrigan lẹ́sẹ̀. Nígbà tí àwọn méjèèjì pàdé ní Òlíńpíìkì Lillehammer, ní Norway, ní oṣù kejì, ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ará Amẹ́ríkà tí kò mọ fífò yàtọ̀ sí pípòyì ló jókòó wò wọ́n. Kerrigan gba fàdákà, Harding ṣe ipò kẹjọ, Oksana Baiul ti Ukraine ló gbé góòlù. Ohun tí àwọn èèyàn gbàgbé ni pé Harding ni obìnrin Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó fo triple Axel nínú ìdíje, lọ́dún 1991: ìyẹn ni kí èèyàn kọjú síwájú fò, kó yí lẹ́ẹ̀mẹ́ta ààbọ̀ kó tó balẹ̀. Ilé tálákà ló ti wá, aṣọ rẹ̀ kì í rí bí èyí tí wọ́n ń fẹ́.

Surya Bonaly ńkọ́? Ṣé àwọ̀ rẹ̀ ni wọn kò fẹ́?

Wọ́n máa ń bi mí ní èyí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Nice ní ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí Bonaly sí, lọ́dún 1973. Tọkọtaya aláwọ̀ funfun ló gbà á tọ́. Nígbà tó ń dìde, akọ́nimọ̀ọ́ṣe rẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé erékùṣù Réunion ni wọ́n ti bí i, kí ìtàn rẹ̀ lè ta létí. Irọ́ ni. Ẹ rí i pé kó tó fò rárá ni wọ́n ti ń wá ìtàn tí wọ́n máa fi wọ̀ ọ́.

Ó gba ìdíje ilẹ̀ Yúróòpù lẹ́ẹ̀márùn-ún, láti 1991 sí 1995. Ní ti àgbáyé, ipò kejì, ipò kejì, ipò kejì, ọdún mẹ́ta léra. Èyí tó dun ún jù ni ti Chiba, ní Japan, lọ́dún 1994: òun àti Yuka Sato, ọmọ Japan, ta ọ̀mì, àwọn adájọ́ márùn-ún dúró lẹ́yìn Sato, mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Bonaly kọ̀ láti gun orí àga ẹ̀yẹ. Nígbà tí wọ́n fi fàdákà sí i lọ́rùn, ó bọ́ ọ, ariwo sì sọ nínú pápá.

Ṣé àwọ̀ ni? Èmi ò lè fi ìwé máàkì gbé e lẹ́sẹ̀. Ìrìn ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín fífò kan sí òmíràn kò dán tó ti àwọn kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi júwe rẹ̀ kò yí padà: alágbára, eléré ìdárayá, oníṣan. Nínú eré míì oríkì ni. Nínú èyí, ẹ̀sùn ni. Mo sì mọ̀ pé kò jìnnà sí àsìkò tí àwọn ẹgbẹ́ ní Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ Mabel Fairbanks, tí òun náà ń jó lórí yìnyín, nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni, àti pé 1988 ni Debi Thomas, ọmọ Amẹ́ríkà, tó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ kankan ní Òlíńpíìkì ìgbà òtútù.

Lọ́dún 1998, ní Òlíńpíìkì Nagano, ní Japan, Bonaly ti fara pa, ó mọ̀ pé òun kò lè gba nǹkan kan. Ni ó bá ta òkìtì sẹ́yìn, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo balẹ̀. Òkìtì yẹn ti di èèwọ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún. Wọ́n gé máàkì rẹ̀, ó ṣe ipò kẹwàá, èrò sì hó yèè. Lọ́dún 2024, àjọ náà pa òfin yẹn rẹ́. Báyìí, àwọn ọmọkùnrin ń ta á, wọ́n ń gba pàtẹ́wọ́.

Kí ló dé tí wọ́n fi máa ń kéré lọ́jọ́ orí tó bẹ́ẹ̀?

Ara ọmọdé fúyẹ́, ó rọrùn láti yí lófuurufú. Tara Lipinski, ọmọ Amẹ́ríkà, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà tó gba góòlù Òlíńpíìkì ní 1998. Yulia Lipnitskaya, ọmọ Rọ́ṣíà, náà jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Sochi, gbogbo ayé ń pariwo orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó fi eré sílẹ̀, ó ní àìsàn àìlèjẹun ti mú òun. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ oògùn tí òfin eré kà léèwọ̀, tí wọ́n rí lára Kamila Valieva, ọmọ Rọ́ṣíà, ní àsìkò Òlíńpíìkì Beijing lọ́dún 2022, òun náà ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n gbé ọjọ́ orí tí èèyàn gbọ́dọ̀ pé kó tó lè bá àwọn àgbà díje sókè sí mẹ́tàdínlógún. Ó ti pẹ́ tó yẹ kó ṣẹlẹ̀.

Alysa Liu di ọ̀gá Amẹ́ríkà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá, nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ó ní ó ti tó, ó lọ sílé. Ó padà dé fúnra rẹ̀, pẹ̀lú irun tó kùn ní ilà-ilà, ó ní òun ni kí òun máa pinnu orin àti aṣọ òun, ó sì gba ìdíje àgbáyé ní Boston lọ́dún 2025.

Tí mo bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ wá Lynn ti 1972, Asada ti 2014, kí ẹ fi Bonaly ti Nagano parí rẹ̀. Ẹ pa ohùn oníròyìn mọ́lẹ̀. Ẹ má wo aṣọ, ẹ má wo ojú. Ẹsẹ̀ ni kí ẹ wò, èyí tí wọ́n ní yẹ̀rì Madge Syers ò jẹ́ káwọn rí. Nígbà tí Bonaly bá ti òkè bọ̀, ẹ dá a dúró níbẹ̀ kí ẹ kà á: ọ̀kan ni.